Ìrẹsì Tó Ń Ṣẹ́kù ní Apá Òsì

Aago kan ọ̀sán ni wọ́n máa ń gbé oúnjẹ dé wọ́ọ̀dù wa. Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn rí á mọ ìró kẹ̀kẹ́ oúnjẹ yẹn dáadáa, táyà rẹ̀ kan máa ń han bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Bó bá ti ń bọ̀, ẹni tó ń kérora á dákẹ́, ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń sùn á lajú.

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, n kì í sì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tèmi ni láti kọ́ ẹni tí àìsàn gba ìṣe ojoojúmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí yóò ṣe tún máa ṣe é: kó lè de bọ́tìnnì, kó lè bu oúnjẹ sẹ́nu, kó wẹ ara rẹ̀, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ tó fi ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláìsàn fi sọ mí ní Tíṣà Ọwọ́. Mo fẹ́ràn orúkọ náà, mo sì gbà pé ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ìtàn yìí kò bu iyì kún mi. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ẹni tó ní kí n máa sọ ọ́ ní ẹ̀tọ́ lórí mi, ẹ ó sì mọ ẹni náà kí n tó parí.

Ọkùnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, bábà ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gẹrun. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn aládùúgbò ń pè é, torí pé ọmọ tó bá ń ké kì í pẹ́ dákẹ́ bí abẹ rẹ̀ bá ti kan orí rẹ̀. Iwájú dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Ọwọ́ òsì rọ, ẹsẹ̀ òsì rọ, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ kò gbé e kiri, ilé ìwòsàn ló gbé e wá tààrà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Obìnrin náà ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn.

Ìkángun wọ́ọ̀dù ni bẹ́ẹ̀dì kẹrin wà, ó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri. Ògiri ló wà lápá òsì bábà. Tábìlì rẹ̀, ife omi rẹ̀, àga àlejò, ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ọ̀tún ni nọ́ọ̀sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀tún ni ìyàwó rẹ̀ ń jókòó sí, ọ̀tún ni èmi náà ń dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ògiri yẹn sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi bá a ṣiṣẹ́. Mo gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé itan rẹ̀ níbi tó ti lè rí i, a fún bọ́ọ̀lù, a ṣa ẹ̀wà láti inú abọ́ kan sínú òmíràn.

"Tíṣà," ni ó wí, "ọwọ́ tó ti di orí àwọn olóyè àti ọ̀gá ọlọ́pàá mú, òun lẹ wá fi ń ṣa ẹ̀wà yìí?"

"Bàbá, ẹ ṣa ẹ̀wà ná. Orí olóyè ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí mo fi ojú mi rí tí n kò sì rí.

Èkíní ni oúnjẹ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, yóò jẹ apá ọ̀tún abọ́ náà mọ́ féfé. Apá òsì kò ní kàn án rárá. Àárín abọ́ náà á gún régé bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ti abọ́ kúrò, tí yóò ní, "Wọ́n tún ti dín oúnjẹ kù lónìí o. Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ènìyàn ni mí, èmi kì í ṣe ẹyẹ."

Mo rò pé àwàdà rẹ̀ náà ni. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé: *Kò fẹ́ràn oúnjẹ wa. Ìdajì ló ń jẹ.*

Èkejì ni aago. Ìdánwò kan wà tí a máa ń ṣe, a ó fún aláìsàn ní bébà kí ó ya ojú aago. Bábà ya róbótó, ó ya á dáadáa. Ó wá to oókan dé eéjìlá mọ́ra wọn ní apá ọ̀tún, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá òsì ṣófo.

"Bàbá, ẹ̀ ń bá mi ṣeré."

Ó wo bébà náà, ó tún wò mí. "Ṣé kì í ṣe aago nìyí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fi bébà náà sínú fáìlì, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tó kù dẹ̀dẹ̀ kí ó lọ sílé, mo fún un ní sísọ́ọ̀sì, mo ní kí ó gé bébà. Ó gé e. Mo ní kí ó di kóòmù mú, kí ó di ẹ̀rọ ìgẹrun mú. Ó dì wọ́n mú, ọwọ́ kò gbọ̀n. Mo fi báírò mi kọ ọ́ pé: *Ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́.* Mo buwọ́ lù ú. Ìyàwó rẹ̀ gbàdúrà fún mi títí tó fi dé ẹnu géètì.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí àwọn méjèèjì fi padà dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú ìyàwó ti wọnú. Bábà jókòó, ó kọ ojú sí apá ọ̀tún, sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Tíṣà, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi yẹ ọkùnrin yìí wò," ni obìnrin náà wí. "Ọ̀gá ilé ìwé kan wá gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fá apá kan, ó fi apá kan sílẹ̀, ó gbọn aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ní ó ti parí. Ọ̀gá rò pé eré ni. Ìgbà tí ó rí i pé kì í ṣe eré, ó bínú dé orí. Láti ọjọ́ náà, ta ni yóò tún gbé orí fún un?"

"Ọ̀gá yẹn ló ń wá wàhálà," ni bábà fèsì. "Mo fá a tán."

"Nílé ńkọ́? Mo se oúnjẹ, á jẹ ìdajì, á wá máa pariwo pé mo ń febi pa òun. Ó ní mo ń kó abẹ òun pamọ́. Abẹ wà níwájú rẹ̀ o!" Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Èyí tó dùn mí jù, Tíṣà, apá òsì rẹ̀ ni mo ti ń sùn láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Báyìí, mo na ọwọ́ sí i, kò gbà á. Mo pè é, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Àbúrò rẹ̀ ní kò sí ohun méjì, èmi ni mo mọ ohun tí mo ṣe fún un tí ara rẹ̀ fi kọ̀ mí."

Mo tún ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ọwọ́ dáa. Mo ní kí wọ́n lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Wọ́n fi igi tọ́ka sí lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì ka gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ojú rẹ̀ mọ́ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyàwó padà wá bi mí pé, kí ni kí òun wá ṣe?

Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyí, mo ti sọ wọ́n ní àsọtúnsọ nínú ọkàn mi tó ìgbà àìmọye: "Ìyá, bóyá àgídí ni. Àìsàn yìí máa ń sọ àgbà di ọmọdé. Bó bá ń pariwo, ẹ má dá a lóhùn. Bó bá ní òun ń wá nǹkan, ẹ jẹ́ kí ó wá a fúnra rẹ̀, kí ara rẹ̀ lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé."

Ó dúpẹ́. Bí wọ́n ti ń lọ, wọ́n ra gíláàsì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri rẹ̀ lẹ́bàá títì. Onígíláàsì ní bí afọ́jú bá fi í sójú, á ka ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn mú, bábà fẹ́ sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dúró létí títì, ó wò, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Alùpùpù ń bọ̀ láti apá òsì rẹ̀. Wọn kò gbé e dé ọ̀dọ̀ wa láàyè.

Ẹni tó ń gun alùpùpù náà jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀nà wọ́ọ̀dù wa. Ó ń wí fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé, "Mo fun fèrè. Mo rí i pé ó dúró, mo rí i pé ó wo títì. Mo rò pé ó rí mi ni. Ẹ gbà mí gbọ́, mo fun fèrè." Gíláàsì ẹ̀bá títì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ fọ́. N kò mọ ibi tó ti mú un.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi sunkún, n kò rí nǹkan kan. Mo ṣì rò pé àgídí ló pa á.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ìyá àgbàlagbà kan wá kọ́ wa níṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ tèmi yìí náà lòun náà ṣe dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn bíi rọpárọsẹ̀ da ìríran wọn rú ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri.

Aago ni. Oókan dé eéjìlá fún mọ́ra wọn lápá ọ̀tún. Apá òsì ṣófo.

Mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Mo lọ sí yàrá fáìlì, mo tú u títí mo fi rí bébà bábà. Mo gbé e síwájú Màmá.

"Ta ló ya èyí?"

"Bábà kan ni, mà. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin."

"Pè é wá fún mi."

"Ó ti kú, mà. Alùpùpù ló pa á."

Ó wò mí. "Apá wo ni alùpùpù náà ti wá?"

Mo na ìka sí apá òsì bébà náà, apá tó ṣófo. Màmá bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"Jókòó, ọmọ mi," ni ó wí. "Ojú dà bí fèrèsé, ọpọlọ ni onílé. Bí onílé kò bá yọjú sí fèrèsé kan mọ́, wọn ì báà nu dígí rẹ̀ kó máa dán, kò ní í mọ ẹni tó ń kọjá níbẹ̀. Ojú bábà yín dáa. Ibi tó ń bójú tó apá òsì nínú ọpọlọ rẹ̀ ni àrùn náà bà jẹ́."

"Ṣé òkùnkùn ló ń rí níbẹ̀ ni, mà?"

"Ká ní òkùnkùn ni, ì bá pariwo. Lójú tirẹ̀, kò sí apá òsì láyé mọ́. Ohun tí kò sí, ta ní í wá a? Ó jẹ abọ́ tán, ó fá orí tán, ó wo títì tán. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ó ku ìdajì." Ó gbé bébà náà sókè. "Ìwọ ńkọ́? Ibo lo máa ń dúró sí bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀?"

"Apá ọ̀tún, mà. Ògiri ló wà lósì."

"Gbogbo yín dúró síbi tó ti ń rí yín," ni Màmá wí. "Báwo lẹ ó ṣe mọ̀?"

Mo bi í bóyá ìwòsàn wà. Kò pa irọ́ fún mi. Ó ní ẹlòmíràn á bọ́ nínú rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ẹlòmíràn kò ní í bọ́ nínú rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n à ń kọ́ wọn. Ó ní a lè lẹ àmì pupa mọ́ etí òsì abọ́, etí òsì ìwé, etí òsì dígí ṣọ́ọ̀bù, kí a sì kọ́ aláìsàn pé, "Má ṣe sọ pé o ti parí títí ojú rẹ yóò fi kan pupa." Ojoojúmọ́ ni a ó máa ṣe é, títí orí yóò fi mọ̀ ọ́n yí. Ó ní ẹni tó wà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá títì sọdá, kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀, títí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á sì fọwọ́ sí i.

Pupa lásán. Téèpù pupa tí a fi ń di páálí wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, mo bá Màmá dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, mo ní mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ní ó gùn, ó ní ó ń súni, ó ní n ó máa bá dókítà ojú àti dókítà ọpọlọ ṣe pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní í pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní mo gbà. Báyìí ni ọ̀nà mi ṣe yà láti ìdí ọwọ́ lọ sí ìdí ìríran. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Tíṣà Ọwọ́ ti di Tíṣà Ojú. Wọn kò mọ ohun tó gbé mi débẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, ilé kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dé.

Ìyàwó bábà fi àga àlejò fún mi, òun jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Àga ìgẹrun ọkọ rẹ̀ ti wà nílé, wọ́n fi aṣọ bò ó ní kọ̀rọ̀ yàrá. Mo mú bébà aago jáde, mo sì ṣe àlàyé gbogbo rẹ̀ fún un bí Màmá ti ṣe é fún mi.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí pé, "Ṣé kò rí mi ni?"

"Kò rí yín, mà."

"Gbogbo ìgbà tí mo na ọwọ́ sí i yẹn?"

"Kò rí i, mà."

"Kì í ṣe pé ó kọ̀ mí."

"Kò kọ̀ yín rárá."

Ó fọwọ́ pa aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà títí. "Ìwọ lo ní kí n má dá a lóhùn."

"Èmi ni."

"Mo ṣe bí o ti wí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń wá bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí. Mo ń wò ó, ó ń wá a. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò dáhùn. Mo ní kó máa wá a fúnra rẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tí ọkọ mi bá mi sọ nìyẹn, mi ò sì dáhùn. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi ni, kí ni ì bá ná mi? Ǹ bá kàn kó ìrọ̀rí mi lọ sí apá ọ̀tún."

Èmi obìnrin dọ̀bálẹ̀ sórí ikùn mi bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Kò ní kí n dìde, kò sì ní òun dárí jì mí. Ó kàn wí pé, "Máa sọ ọ́. Ibi yòówù kí o dé, máa sọ ọ́. Sọ ti bàtà náà."

Òun ni ó ní ẹ̀tọ́ lórí mi. Mo sì ti sọ ti bàtà náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o. Bí rọpárọsẹ̀ bá kọ lu ẹni yín, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má gbé e kiri. Bó bá sì padà sílé, ẹ má ṣe wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan. Ẹ wo abọ́ rẹ̀. Bí ìdajì oúnjẹ bá ń ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lójoojúmọ́, ẹ yí abọ́ náà po níwájú rẹ̀. Bó bá wá jẹ èyí tó kù, àmì nìyẹn, ẹ má fi falẹ̀. Bó bá ń fi èjìká kan náà kọ lu ilẹ̀kùn, tó ń wọ apá aṣọ kan, tó ń fá àgbọ̀n ní ìdajì, tó ń wá ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹ bá pè é tó yíjú sí ibòmíràn, ẹ má pè é ní àgídí, ẹ má sì pe ìyàwó rẹ̀ ní ẹni ibi. Apá òsì ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ apá ọ̀tún. Ẹ má ra gíláàsì ẹ̀bá títì fún un. Bí wọ́n bá ní ojú rẹ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ rí nílé fún dókítà, ẹ sì bèèrè àwa tí ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa ríran. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Títí di ìgbà náà, ẹ mú un lọ́wọ́ sọdá títì.

Wọ́n ti fa bẹ́ẹ̀dì kẹrin kúrò lára ògiri báyìí. Èmi ni mo fà á. Láago kan ọ̀sán, bí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ bá ti ń han bọ̀, mo máa ń rìn yí wọ́ọ̀dù ká, mo ń wo abọ́. Ẹ̀yin náà, nílé yín, bí ẹni yín bá ń wá bàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn.